Kí Lorúkọ Ọmọbìnrin Tí Wọ́n Pa Nínú Fíìmù Yẹn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ọkọ mi ló máa ń rà á bọ̀, ojú ewé àwọn òṣèré lèmi sì kọ́kọ́ máa ń ṣí, ṣùgbọ́n mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni ìbéèrè kan tí ọmọ ọdún méje bi mí nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mi ò rí èsì fún un títí dòní.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ní Pànṣẹ́kẹ̀, Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi, tẹlifíṣọ̀n kan sì wà lára ògiri táwọn ọmọ yìí máa ń so fóònù wọn mọ́ bí iná bá wà, torí ẹ ṣáà mọ̀ pé orí YouTube ni fíìmù Yorùbá pọ̀ sí jù báyìí, ìkan ò tíì parí tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan wọ́n gbé fíìmù ògùn owó kan sí i. Mò ń gé aṣọ lọ́wọ́, ọmọ àbúrò mi jókòó sábẹ́ tábìlì, ó ń ṣa àjákù aṣọ tó fẹ́ fi ṣeré, etí lásán ni mo fi ń gbọ́ fíìmù náà. Ìtàn ẹ̀ ò ṣàjèjì sẹ́nikẹ́ni: bọ̀bọ́ kan jẹ gbèsè, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gun jíìpù mú un lọ sọ́dọ̀ baba kan tó wọ aṣọ pupa látòkè délẹ̀, baba ní kó lọ mú obìnrin wá. Ó lọ gbé ọmọbìnrin kan lẹ́bàá títì, ọmọ yẹn wọnú mọ́tò, ó ní "Ẹ ṣé, bọ̀dá," ìyẹn nìkan lọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ nínú fíìmù wákàtí méjì. Ibi tá a tún ti rí i, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó mọ́lẹ̀, igbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, owó sì ń rọ́ jáde nínú igbá. A ò tíì mí délẹ̀ tí wọ́n ti gbé wa dé òde àríyá, àwọn onílù ń ki bọ̀bọ́ yẹn, wọ́n ń ná an lówó. Ìkan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Háà, mọ́tò yẹn mà dáa o!" Ni ọmọ abẹ́ tábìlì bá yọrí síta, ó ní, "Bíìgì Mọ́mì, kí lorúkọ antí yẹn?"

Mo ní antí wo? Ó ní antí tí wọ́n pa.

Ẹni tó ń wa máṣìnnì dúró. Mo wo ojú àwọn ọmọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, a tún un wò látibi tí ọmọ yẹn ti dúró sí ẹ̀bá títì, kò sẹ́ni tó pe orúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó wá a délé, kò síyàá, kò síbátan. Mo ní kí wọ́n sáré lọ síparí níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ṣeré. Wọ́n kọ orúkọ bọ̀bọ́ náà, wọ́n kọ ti baba aláṣọ pupa, wọ́n kọ ti ẹni tó wa mọ́tò, kódà wọ́n kọ ti onílù. Nígbà tó kan ọmọbìnrin yẹn, ohun tí wọ́n kọ ni "Victim 2", ìyẹn ẹni kejì tí wọ́n pa. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí Victim 1 kú sí nínú fíìmù náà. Mi ò ní dárúkọ fíìmù yẹn níbí, torí kì í ṣe òun nìkan, bí mo bá dárúkọ ẹyọ kan, bí ẹni pé mo fojú pa àwọn yòókù rẹ́ ni.

Olóòtú, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n má ṣe fíìmù abanilẹ́rù mọ́ o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí Arélù tí olóògbé Jímọ̀ Àlíù ṣe bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọmọ àdúgbò á ti kún pálọ̀ wa, bó bá sì parí, kò sẹ́ni tó máa lè dá lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ tọ̀. Fádèyí Olóró tó wà nínú ẹ̀! Orúkọ yẹn nìkan tó láti mú ká pa ẹnu mọ́. Kò gé orí ẹnikẹ́ni lójú wa, ẹnu ló ń lò, ọfọ̀ ló ń pè, bó ṣe ń wo èèyàn láìṣẹ́jú ni jìnnìjìnnì á ti bò wá. Ọ̀rìṣàbùnmi tóun náà ṣe nínú ẹ̀ ńkọ́? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ báyìí, Jímọ̀ Àlíù kú lọ́dún 2020, Ọ̀rìṣàbùnmi ní 2021, Fádèyí Olóró ní 2023, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé gbogbo ẹni tí ibi ṣẹlẹ̀ sí nínú eré wọn la mọ̀ lórúkọ, àá tiẹ̀ máa pe orúkọ wọn nílé ìwé lọ́jọ́ kejì, àá ní ah, ṣé lágbájá ò ní kú báyìí? Ìdí tẹ́rù fi ń bà wá nìyẹn. Ẹni téèyàn ò mọ̀, báwo lẹ̀rù ẹ̀ ṣe fẹ́ bani?

Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, Dókítà Shaibu Husseini tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, kéde ní Enugu pé ìjọba ò ní fàyè gba fíìmù tó ń polówó ògùn owó, ìfiniṣoògùn, sìgá mímu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àríyànjiyàn pọ̀ nígbà yẹn, àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní ìjọba fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré. Èmi ò bá ìjọba jà lórí ẹ̀, torí a mọ ohun tí ojú wa rí nílùú yìí. Oṣù kìíní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta níbí, ni ọwọ́ tẹ àwọn ọmọkùnrin tí wọn ò tíì ju ogún ọdún lọ níbi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin kan nínú ìkòkò. Ọmọdé ni gbogbo wọn. Wọ́n ní orí Facebook làwọn ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ní fíìmù ló fà á, àwọn òṣèré ní rárá, àwọn ọmọ yẹn kúkú ti fẹnu ara wọn sọ pé Facebook ni. Èmi gbà pé kì í ṣe fíìmù ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sun orí. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn pé ọmọbìnrin jẹ́ nǹkan èlò, bí iyọ̀, bí epo, tí èèyàn á kàn gbé sórí iná kí nǹkan míì lè jáde níbẹ̀? Ọmọ yẹn ní orúkọ, gbogbo Abẹ́òkúta ló mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ náà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí torí ó ṣeé ṣe kí ìyá ẹ̀ máa ka ìwé ìròyìn yín, kì í sì í ṣe èmi ló yẹ kó ṣí ọgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń rántí ẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi aṣọ funfun bo ọmọ kan mọ́lẹ̀ nínú fíìmù tí wọ́n sì yí kámẹ́rà sí mọ́tò.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ẹ wo The Black Book tí Editi Effiong gbé jáde lórí Netflix lọ́dún 2023. Ìbọn pọ̀ nínú ẹ̀, ìjà pọ̀, àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, mo gbà. Àmọ́ kí ló dé tí gbogbo ìjà yẹn fi wọ̀ wá lára? Torí Damilọ́lá ni. Ọmọ bàbá kan ni, àwọn ọlọ́pàá oníbàjẹ́ fẹ̀sùn ìjínigbé kàn án láìṣẹ̀ láìrò, wọ́n sì pa á. Richard Mofe-Damijo tó ṣe bàbá náà, Paul Edima, díákónì ni, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi nígbà kan rí, ó ti jáwọ́, ikú ọmọ ló gbé e dìde padà. Gbogbo ibi tó bá dé, Damilọ́lá ló ń gbé lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ orúkọ ọmọ yẹn kúrò, kí ló kù? Ìbọn.

Ilé Owó tí Dare Olaitan ṣe ní 2022 náà tún yà mí lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ lòun náà ṣe, ìdílé olówó tó ń fi èèyàn ṣètùtù, ṣùgbọ́n ó yí ojú ẹ̀ padà. Ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ lò gan-an la ń tẹ̀ lé, Immaculata Oko-Kasum ló ṣe é, a mọ̀ pé ó ń wá ọkọ, a mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́, a rí bí inú ẹ̀ ṣe dùn nígbà tó rí ọkùnrin tó dà bí ẹni gidi. Nígbà tí ilé yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé mọ́ ọn, èmi tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé mi ni mò ń sọ pé, jáde, jáde, jáde níbẹ̀! Ọkọ mi ní kí ló dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ wa obìnrin kan tó wà nílẹ̀ Òyìnbó, Wùnmí Mosaku. Zaria ni wọ́n ti bí i, Manchester ló ti dàgbà. Èmi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ mi àgbà ló fi fíìmù kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní His House, ti 2020. Òun àti Ṣọpẹ́ Dìrísù ni wọ́n ṣe tọkọtaya tó sá ogun kúrò ní South Sudan, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà dojú dé, ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn bá omi lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn nílé kan tó ti gbó, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Àwọn òkú wá ń bẹ nínú ògiri ilé yẹn. Ẹ forí jì mí bẹ́ ẹ bá ò tíì wò ó, mo máa sọ díẹ̀ níbẹ̀: ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ wọn. Bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó èèyàn sá lọ ti kún, àwọn tó lọ́mọ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, ni ọkùnrin náà bá gbé ọmọ ọlọ́mọ kó lè ráyè wọlé, ìyá ọmọ ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Nyagak lorúkọ ọmọ náà. Wọ́n pè é léraléra nínú fíìmù yẹn débi pé èmi tí mi ò gbọ́ èdè wọn rárá, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ìwà tí ọkùnrin yẹn hù, kí ló fi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣowó? Èèyàn lòun náà lò kí tiẹ̀ lè dáa. Àmọ́ fíìmù náà ò jẹ́ kó gbàgbé, kò sì gbé wa lọ síbi àríyá. Ọmọ yẹn wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀, ó ń wò ó. Mi ò lè pa iná yàrá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo wá ń wá gbogbo nǹkan tí Wùnmí yìí ti ṣe rí. Lọ́dún 2016 ló ṣe ìyá nínú fíìmù BBC tó ń jẹ́ Damilola, Our Loved Boy, ìtàn tòótọ́ ni, ọmọ Yorùbá ọmọ ọdún mẹ́wàá, Damilọ́lá Taylor, tí wọ́n pa ní Peckham ní London lóṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí ò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tó dé láti Nàìjíríà. Wọ́n fún Wùnmí ní àmì ẹ̀yẹ BAFTA lọ́dún 2017 fún un. Ìyẹn kì í ṣe fíìmù abanilẹ́rù o, ṣùgbọ́n kò sí iwin tó bà mí lẹ́rù tó o, torí orúkọ ọmọ náà ni orúkọ fíìmù, wọn ò pè é ní ọmọ kan tí wọ́n pa ní London. Mo wá rò ó pé bóyá ibẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ti kọ́ ohun tó ń ṣe nínú àwọn fíìmù ẹ̀rù tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Torí nígbà tí Sinners jáde lóṣù kẹrin ọdún 2025, ọmọ mi mú mi lọ sí sinimá ní Ìkẹjà, Wùnmí náà ló tún wà níbẹ̀. Ryan Coogler ló ṣe é, ìlú Clarksdale ní Mississippi ni, ọdún 1932, nígbà táwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣì ń já òwú lóko òyìnbó. Ìbejì méjì, Smoke àti Stack, Michael B. Jordan nìkan ló ṣe àwọn méjèèjì, wọ́n padà wálé wá ṣí ilé ijó, àwọn amùjẹ̀ èèyàn sì wá bá wọn níbẹ̀ lóru. Wùnmí ni Annie, ìyàwó Smoke, obìnrin tó mọ ewé mọ egbò, tó ń ṣe oògùn hoodoo táwọn baba ńlá wọn gbé láti ilẹ̀ Áfíríkà dé ibẹ̀. Bó ṣe ń mú ewé, bó ṣe ń di àpò oògùn tí Smoke ń gbé kọ́rùn, mo ní, èyí ti jọ ti ilé wa jù. Olóòtú, ó fẹ́rẹ̀ tó ìdajì fíìmù kí ìjà àwọn amùjẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀! Ohun tí wọ́n ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń jẹ́ ká mọ èèyàn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta gìtá, ọ̀mùtí tó ń tẹ dùùrù, Cornbread tí wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Cornbread jáde lọ tọ̀ tó sì padà wá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé, gbogbo sinimá pa rọ́rọ́. Torí Cornbread ni! A mọ̀ ọ́n. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ yín lóru, ẹ má dáhùn, kódà bó bá jọ ohùn mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo rí lójú gbangba yẹn.

Annie àti Smoke ti bí ọmọ kan tó kú, sàréè ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà tí nǹkan le, Annie sọ fún ọkọ ẹ̀ pé bí wọ́n bá fi eyín kan òun, kó tètè pa òun kóun tó di irú wọn, torí ẹnì kan ń dúró de àwọn lọ́run. Wọ́n bù ú jẹ lóòótọ́, ọkọ ẹ̀ sì ṣe ohun tó bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Obìnrin tó jókòó tì mí náà ń sunkún, mi ò mọ̀ ọ́n rí, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí Smoke náà wá ń kú lọ níparí, Annie ló rí tó jókòó tó gbé ọmọ wọn sọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn nínú fíìmù yẹn, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju tàwọn fíìmù ògùn owó wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú tá ò dárò ẹ̀.

Àwọn kan á ní fíìmù Òyìnbó ni, olówó ni wọ́n, àwọn tiwa ò ní owó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn tiwa fi ń ya fíìmù, pé owó jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń yà á nìkan ti tó wàhálà. Àmọ́ èló ni orúkọ? Ẹ fi fóònù sínú báàgì ọmọbìnrin yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, kí fóònù yẹn dún, kí ojú ẹ̀ kọ "Màámi", kí bọ̀bọ́ tó fẹ́ lówó yẹn máa wò ó títí tó fi dákẹ́, kó tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kẹ́ ẹ wá gbé wa lọ sí òde àríyá báyìí, ká wo ẹni tó máa lè sọ pé mọ́tò yẹn dáa. Àwọn baba wa ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ, ẹ sì mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ jáde láàárọ̀ tí ò padà wálé, kò sí iwin igbó kankan tó bani lẹ́rù tó ohun tó wà lójú obìnrin yẹn, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń gé kúrò nínú fíìmù.

Mo tún fẹ́ sọ ti baba aláṣọ pupa yẹn ní kúkurú. Babaláwo wà nínú ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, aṣọ funfun ló ń wọ̀, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń sọ, orúkọ ẹni tó wá sọ́dọ̀ ẹ̀ àti orúkọ ìyá ẹni náà ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Mi ò tíì rí fíìmù ògùn owó kan tí wọ́n ti béèrè orúkọ ìyá ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gangs of Lagos ní 2023, tí wọ́n gbé Ẹ̀yọ̀ wọ àwọn apànìyàn, tí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti ìjọba Èkó bínú sí. Fíìmù náà dùn ní ọ̀pọ̀ ibi, Tobi Bakre ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ìbòjú olè, òkú pàtàkì tí wọ́n ń ṣẹ̀yẹ fún ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gbé e jáde. Ẹ wò ó, òun náà ò ju pé ká rántí orúkọ ẹni tó lọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, Olóòtú, kò pọ̀. Lójú ewé tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fíìmù, bẹ́ ẹ bá ń sọ ti fíìmù tí wọ́n ti pa èèyàn, ẹ máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n pa àti orúkọ òṣèré tó ṣe é. Bí kò bá lórúkọ nínú fíìmù náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé wọn ò fún un lórúkọ, kí ẹni tó ṣe fíìmù yẹn rí i nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe "Victim" yìí, òṣèré ni wọ́n, wọ́n jí láàárọ̀ wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù tí wọ́n da omi pupa sí lára, ó yẹ ká mọ̀ wọ́n.

Ọmọ àbúrò mi ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó rí i pé mi ò rí èsì fún òun, ó ní kò burú, ó fún antí yẹn lórúkọ fúnra ẹ̀, Fèyíṣayọ̀ ló pè é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé fíìmù kan sí i, ìkan á kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti pa Fèyíṣayọ̀?

Èmi ni tiyín,
Ìyá télọ̀ kan,
Pànṣẹ́kẹ̀, Abẹ́òkúta.